Ọwọ́ Tí Kì Í Tètè Tú

Bí ẹ bá fẹ́ bọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ láàárọ̀, ẹ má gbé ìkòkò kaná kí ẹ tó jáde nílé. Yóò gba ọwọ́ yín mú, yóò rẹ́rìn-ín sí yín, yóò béèrè ilé, yóò béèrè ọmọ, yóò béèrè oko. Ẹ ó dáhùn títí ìdáhùn yóò fi tán lẹ́nu yín, ọwọ́ yín yóò sì wà nínú ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó bá yá ni ìka rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọdé tí wọ́n ní kó fún àbúrò rẹ̀ ní àkàrà ṣe ń ṣí ọwọ́.

Ní Odòde, ìlú wa, oníkálukú ló ní àlàyé tirẹ̀ fún un. Àwọn obìnrin ní ìfẹ́ èèyàn ló pọ̀ nínú rẹ̀. Olùkọ́ ìjọ wa ní ẹni tó bá di ọ̀rọ̀ Ọlọ́run mú bẹ́ẹ̀ kò ní ṣubú láéláé. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ní ó ń wá nǹkan kan nínú àtẹ́lẹwọ́ àwọn ni. Èmi tí mo jẹ́ àbúrò rẹ̀, tí a jọ sùn lórí ẹní kan náà, mo mọ̀ pé kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ jọ̀wọ́ wọn. Ọwọ́ náà ni kò gbà.

Kì í ṣe ọwọ́ nìkan. Bó bá jókòó pẹ́, tó wá fẹ́ dìde lójijì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á le gan-an bí òpó. Bí nǹkan bá já a láyà, á ṣubú gbọọrọ bí igi tí wọ́n gé, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀, iyè rẹ̀ á pé, á máa wò yín láti ilẹ̀. Nílé ẹ̀kọ́, tí tíṣà bá wọlé, tí gbogbo kíláàsì dìde kí i, ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń kẹ́yìn. Tíṣà ní àfojúdi ni, ó nà án. Bí pàṣán bá ti kàn án, ara rẹ̀ á tún le sí i. Tíṣà á ní ó ń ṣorí kunkun, á tún nà án sí i. Bí wọ́n ṣe fi gbogbo ọdún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ na ẹran ara rẹ̀ nìyẹn, lórí ohun tí kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì taagun, ejìká rẹ̀ rí bí ti ajìjàkadì, kò sẹ́ni tó lè wò ó kó gbà pé nǹkan kan ń ṣe é.

Ẹnì kan ṣoṣo ló tún wà nílé wa tí kì í kánjú. Àbúrò bàbá wa ni, Bàbá Kékeré ni à ń pè é, òun ló di olórí wa nígbà tí bàbá wa kú. Ṣùgbọ́n tirẹ̀, iyì ni wọ́n ń pè é. Bàbá ìjọ ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ó ní agbòòrùn dúdú, ó ní ọ̀pá ìtilẹ̀ tí wọ́n fi bàbà dé lórí. Bí wọ́n bá dá orin, tí ìjọ dìde, Bàbá Kékeré á ṣì wà lórí àga. Á fi ọ̀pá tilẹ̀, á gbé ara sókè díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ kejì orin á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó nàró. Kò pẹ́ tí àwọn bàbá ìjọ yòókù fi ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá tètè dìde, ó jọ ọmọ iṣẹ́. Làwọn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọra. Nígbà tí mo fi ń lọ sí yunifásítì, àga iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í dìde tán kí orin tó dé ẹsẹ kẹta, àlùfáà kan tó wá bẹ̀ wá wò sì yìn wá fún ìfarabalẹ̀.

Èmi wà ní ọdún kẹta n'Ìbàdàn nígbà náà, mò ń kọ́ nípa bí ara èèyàn àti ti ẹranko ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá wálé fún ìsinmi, kóòtù ni mò ń wọ̀ kiri, tòun ti táì, nínú ooru tí àpáta Ìdànrè ń dá padà sí wa lórí lọ́sàn-án. Ará ilé ní iṣẹ́ dókítà ni mò ń kọ́. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. N kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Nígbà tí ìsinmi kan kù díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi dójú ẹ̀. Ó ti rí obìnrin kan ní Aládé, nítòsí wa. Aránṣọ ni. Oko ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti pàdé nígbà tí wọ́n ń fọ́ kòkó, ẹ̀gbọ́n mi sì fẹ́ràn rẹ̀ débi tí oúnjẹ kò fi wù ú jẹ mọ́. Ó lọ kí àwọn ará ilé obìnrin náà lọ́jọ́ Àìkú kan. Wọ́n ní kó jókòó. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì fún bíi wákàtí kan kí olórí ẹbí wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá obìnrin náà, tó ti òde dé. Bí bàbá náà ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi ta gìrì láti dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó délẹ̀. Kò tètè kúrò nílẹ̀ mọ́.

Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, ọ̀rọ̀ ti dé Odòde pé wárápá ń ṣe é. Ní ọ̀dọ̀ wa, kí wọ́n tó fi ọmọ fọ́kọ, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí ilé ọkọ fún wèrè, fún ẹ̀tẹ̀, fún wárápá. Ilé tí wọ́n bá ti rí ọ̀kan níbẹ̀, wọn kì í bá a jà. Wọ́n á kàn dẹ́kun à ń lọ à ń bọ̀ ni. Olórí ẹbí náà ránṣẹ́ pé òun fún wa ní Sátidé kan. Kí gbogbo ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ sọ wá sọ ọ́ lójú òun, kí a sì mú dókítà wa dání. Bí ọ̀rọ̀ wa kò bá tẹ́ òun lọ́rùn lọ́jọ́ náà, kí a má padà wá mọ́.

Ìyá ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí mi. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo wọ Odòde. Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí a jẹ iyán tán, mo jókòó pẹ̀lú Ìyá, ẹ̀gbọ́n mi àti Bàbá Kékeré ní ẹ̀yìnkùlé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í là wọ́n lọ́yẹ.

"Ìyá, iná mànàmáná wà nínú ara gbogbo wa."

Kò tí ì sí iná mànàmáná ní Odòde nígbà náà. Ìyá wo àtùpà tó ń rú èéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kó o wá fi tìẹ tan èyí, ká yé ra kẹrosíìnì."

"Kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, Ìyá."

"Mo ti mọ̀ pé kò ní í pọ̀."

Mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹran tó so mọ́ egungun wa, fọ́nrán tín-ín-rín ló kún inú rẹ̀, bí òwú ṣe ń kún inú okùn. Fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ní awọ, iná díẹ̀ sì wà lára awọ náà nígbà gbogbo, bíi pakuté tí a ti dẹ sílẹ̀. Bí ọpọlọ bá ní kí ọwọ́ dì, iṣẹ́ tó rán á gba inú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá, á kan fọ́nrán lára, pakuté á ré. Iná á sáré láti ìpẹ̀kun kan fọ́nrán dé ìpẹ̀kun kejì, fọ́nrán á súnkì. Lẹ́yìn náà iná á kú, pakuté á tún di dídẹ, fọ́nrán á sì rọ̀. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ti parí.

"Ti èmi wá ńkọ́?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Ti yín, Bùrọ̀dá, ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ti jíṣẹ́, ó ti lọ, ṣùgbọ́n iná kò kú. Awọ fọ́nrán yín ń tún ọ̀rọ̀ náà wí fúnra rẹ̀: dì, dì, dì. Ó dà bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹni tó fà á ti délé, tí agogo sì ń lù síbẹ̀."

"Ìyẹn ni pé kì í ṣe èmi ni mò ń ṣe é."

"Kì í ṣe ẹ̀yin. Kì í ṣe ọkàn yín, kì í ṣe ọpọlọ yín, kì í sì í ṣe wárápá. Awọ fọ́nrán ni."

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí ọwọ́ rẹ̀, ó wò ó.

"Tíṣà yẹn ti kú," ló wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bàbá Kékeré tẹjú mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lórí ọ̀pá. Mo rò pé ìmọ̀ ti pọ̀ jù fún un ni.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ibi tí ìmọ̀ náà ti wá. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ló wà nípa àìsàn yìí nínú ìwé ńlá wa, lẹ́yìn gbogbo àwòrán. Ìdajì rẹ̀ àkọ́kọ́ sọ pé inú fọ́nrán fúnra rẹ̀ ni àbùkù náà wà, pé kì í pa èèyàn, àti pé ó máa ń tọ ẹbí lẹ́yìn. Ìdajì kejì wà ní ojú ìwé tó tẹ̀ lé e. Olùkọ́ wa ti ní kò ní jáde nínú ìdánwò, n kò sì ṣí i dé ibẹ̀. Ní ti ohun tó ń dá iná náà dúró lára àwa yòókù, kò tilẹ̀ sí nínú ìwé kankan nígbà náà. Ó tó ọdún mélòó kan kí àwọn onímọ̀ tó rí i pé ọ̀nà kékeré kan wà lára awọ fọ́nrán tí ìdajì kan nínú iyọ̀ ń gbà kọjá, pé òun ló ń pa iná náà, àti pé ní ara irú ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀nà náà dí. Nígbà tí mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà ránṣẹ́ sí i, ó fèsì pé kí n bá òun bi wọ́n bóyá kí òun máa jẹ iyọ̀ sí i ni àbí kí òun dín in kù. N kò tí ì rí ẹni bi.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀sẹ̀ yẹn. Ní yunifásítì, a máa ń so ẹran ẹsẹ̀ àkèré, nígbà mìíràn ti eku funfun, mọ́ abẹ́rẹ́ gígùn kan. A ó fi iná díẹ̀ ta á, abẹ́rẹ́ á sì fa bí ẹran náà ṣe súnkì sórí bébà tí a ti fi èéfín kùn, tí a wé mọ́ agolo tó ń yí. Mo fi agolo bísíkíìtì ṣe tèmi ní ẹ̀yìnkùlé wa. Mo fi èéfín àtùpà kun bébà, mo fi òwú so àtàǹpàkò mọ́ ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan, Ìyá ń yí agolo. A kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò tèmi ṣe é: mo ká a, mo tú u. Ìlà náà lọ sókè, ó sọ̀kalẹ̀, ṣóńṣó bí ẹnu ayùn. Nígbà tó kan ẹ̀gbọ́n mi, ìlà náà gùn lọ sókè, ó dúró lórí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sọ̀kalẹ̀, ó ń sọ̀, ó ń sọ̀, títí bébà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Òkè wa nìyí," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Bí àwọn bàbá yín náà ṣe sọ̀kalẹ̀ nìyẹn," ni Ìyá dáhùn. "Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo ìlú kúrò lórí òkè, ta ló sọ̀ lóòjọ́? Ẹni tó sọ̀ lónìí á tún gòkè lọ́la lọ gbé ọlọ. Síbẹ̀ náà, gbogbo wa la dé ìsàlẹ̀."

Mo fi oje igi pa bébà náà lára kí èéfín má baà parẹ́, mo ká a, mo sì fi pamọ́ de Sátidé.

Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni mo fi mọ, ì bá dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàwé kò lè wo nǹkan kó má tún un ṣe. Ìyá ní àṣà kan láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní kékeré. Bí wọ́n bá ń lọ síbi tí ojú pọ̀ sí, ó máa ń ní kó kọ́kọ́ la igi. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú pàápàá, kó tó wọṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n mi á ti la ìdì igi kan. Àwọn ará àdúgbò ní ìyá wa le, kò bẹ̀rù ọjọ́ ìsinmi Olúwa. Lọ́jọ́bọ̀, mo bá ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti ń la igi, Ìyá sì ń sọ fún un pé lọ́jọ́ Sátidé, ẹsẹ̀ ni kó fi rìn dé Aládé.

"Ìyá, ẹ ń ba iṣẹ́ mi jẹ́," ni mo wí. "Ẹran tó bá ṣiṣẹ́ á rẹ̀. Ojú mi ni ẹsẹ̀ àkèré ṣe rẹ̀ títí kò fi lè gbé ìyẹ́ adìẹ. Ìsinmi ni Bùrọ̀dá nílò."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ kì í ṣe àkèré."

"Ọ̀kan náà ni fọ́nrán."

Ìyá wo mí, ó wo kóòtù mi.

"Ìwọ lo kàwé," ló wí.

Nílé wa, bí Ìyá bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ọlọ́gbọ́n tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ rò. Èmi rò pé ó gbà fún mi ni. Mo gba àáké lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kó lọ dùbúlẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ láti ọjọ́bọ̀ títí di Sátidé, a ń gbé oúnjẹ bá a bí ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo tún háyà mọ́tò láti Odòde dé Aládé, ìrìn tí àwọn ìyá tó ru ẹrù ń rìn láìsinmi lọ́nà. Ìyá kọ̀, ó ní ẹsẹ̀ òun kò kàwé, òun á fi rìn. Ó ti ṣíwájú èmi, ẹ̀gbọ́n mi àti Bàbá Kékeré dé ibẹ̀.

Àwọn àna kún inú pálọ̀. Olórí ẹbí wọn jókòó láàárín, bàbá tín-ín-rín kan tí ojú rẹ̀ mú. Ó ń fi èdè Ìdànrè wa gan-an sọ̀rọ̀. Mo ń tún un kọ sí Yorùbá ìwé níhìn-ín, adùn rẹ̀ sì ń dà nù lọ́nà. Wọ́n gbàdúrà. Wọ́n kí wa. Wọ́n tún gbàdúrà. Gbogbo ìgbà yìí, ẹ̀gbọ́n mi jókòó jẹ́ẹ́ lórí àga, ó ń sinmi bí mo ṣe pa á láṣẹ. Nígbà tó yá, olórí ẹbí ní kí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ dìde wá kí àwọn.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde lójijì, ó gbé ẹsẹ̀ méjì, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Gbogbo ara rẹ̀ le.

"Ó tó, ọmọ mi, dìde," ni olórí ẹbí wí.

Kò dìde. Adìẹ kan wọlé, ó gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó dúró wò ó, ó padà wá wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

"Ó tún ti dé o," ni obìnrin kan wí lẹ́yìn. "Ẹ bá wa mú ṣíbí, kó má baà gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ."

"Ẹ má ṣèyọnu ṣíbí, mà," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn láti ilẹ̀, ohùn rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. "Mo wà pẹ̀lú yín. Mò ń bọ̀."

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà fọwọ́ kan olórí ẹbí, nítorí ẹni tí wárápá gbé kì í dáhùn. Ó yẹ kí n dákẹ́. Mo dìde, mo tú bébà mi.

"Òkè wo nìyí?" ni bàbá náà bi mí.

"Kì í ṣe òkè, sà. Àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Àtàǹpàkò." Ó yí bébà náà po, ó wò ó láti òkè, ó wò ó láti ìsàlẹ̀. "Ibo ni èékánná wà?"

Mo sọ fún un nípa fọ́nrán, nípa awọ, nípa iná tí kò tètè kú.

"Iná ń jó nínú ọkọ tí ẹ fẹ́ fún wa," ló wí. "Dókítà, o kò ràn wọ́n lọ́wọ́ o."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín, kò sì wo ọ̀dọ̀ mi. Ibẹ̀ ni obìnrin tí a wá fẹ́ ti jáde láti inú yàrá. Kò yẹ kó jáde títí wọn yóò fi pè é. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Ẹ jẹ́ kó tún un ṣe."

"Kó tún kí ni ṣe?"

"Kó dìde, kó tún dọ̀bálẹ̀. Kó máa ṣe é lọ. Lóko Ìyá, nígbà tí a ń fọ́ kòkó, àdá kò fẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ níbi pódì kòkó kìn-ín-ní, mo tilẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí a fi máa fọ́ agbọ̀n kan tán, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó tirẹ̀ mọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu."

Olórí ẹbí wo ọmọ náà pẹ́. Ó wá fi ìka tọ́ka sí ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń dìde lọ, ó ń fi ọwọ́ ti orúnkún. Ó nàró, ó tún dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ le tó ti àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta yá díẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, àwọn ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹwàá, ó ń lọ ó ń bọ̀ bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, òógùn ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"N kò tí ì rí àna tó dọ̀bálẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá rí," ni olórí ẹbí wí. Inú rẹ̀ dùn, kò sì fẹ́ kó hàn. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi jókòó. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ tún le. "Kì í ṣe wárápá, mo ti rí i. Ṣùgbọ́n ohun yòówù kó jẹ́, ṣé inú ẹ̀jẹ̀ yín ló wà? Ṣé yóò dé ara ọmọ tí ọmọ mi bá bí?"

Ìbéèrè tí mò ń bẹ̀rù nìyẹn. Ìdajì ìpínrọ̀ tí mo kà ti dáhùn rẹ̀ kedere. Bí mo bá sọ òtítọ́, ìyàwó lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti kó gírámà jọ tí mo fẹ́ fi bo ọ̀rọ̀ náà, àwọn ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí òtítọ́ tàbí irọ́ kankan nínú wọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní, "Bàbá, ní ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì," ni mo gbọ́ tí ọ̀pá kan kan ilẹ̀.

Bàbá Kékeré ń dìde. A dúró dè é, bí a ṣe máa ń dúró dè é láti ọdún pípẹ́ wá. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó gbé ara sókè díẹ̀, ó sinmi, ó tún gbé e. Lọ́tẹ̀ yìí, mo wò ó bí mo ṣe ń wo ẹsẹ̀ àkèré, ìtìjú sì mú mi.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí fún olórí ẹbí nígbà tó nàró tán, "ẹ rí bí mo ṣe dìde."

"Mo rí i. Bí àgbà ṣe ń dìde ni."

"Mo ti ń dìde báyìí láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Nígbà yẹn ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí mo dàgbà, tí mo ra ọ̀pá, wọ́n ń pè é ní iyì, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣe ọmọ yìí ló ń ṣe mí. Ó ṣe bàbá mi. Ọmọ mi méjì ni kò ṣe rárá, ọ̀kan ló ṣe. Àwa tó ṣe, a roko, a kọ́lé, a bímọ, a tọ́ wọn. Ó ṣeé ṣe kó dé ara ọmọ ọmọ yín. Bó bá dé, ẹ fún un ní igi là láàárọ̀, bí ìyá rẹ̀ yìí ṣe ń ṣe, kí ẹ má sì jẹ́ kí tíṣà nà án."

Ìyá tẹjú mọ́ etí ìró rẹ̀.

"Gbogbo ọdún wọ̀nyí, kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́?" ni olórí ẹbí bi í.

"Ta ló ń bi àgbàlagbà ìdí tó fi ń rọra?"

Bàbá tín-ín-rín náà wo ọmọ rẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí. "O gbọ́ ohun tó sọ?"

"Mo ti mọ̀ kí wọ́n tó dé, Bàbá. Mo sì ń fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

"Ilé tó bá lè tú àṣírí ara rẹ̀ síwájú àna kó tó gba ìyàwó," ni bàbá náà wí, "n kò rò pé yóò máa fi nǹkan pamọ́ fún ọmọ mi lẹ́yìn tó bá gbà á tán. Ẹ máa mú un lọ." Ó dìde, ó na ọwọ́ sí Bàbá Kékeré.

Ọwọ́ Bàbá Kékeré kò ṣe nǹkan kan láti àárọ̀ ju pé ó di ọ̀pá mú. Ó gba ọwọ́ àna rẹ̀, ọwọ́ náà sì dì. Ó rí i pé kò fẹ́ tú. Ojú tì í, ó fẹ́ fi agbára fà á. Olórí ẹbí ní kó má fà á. Ó fa àga Bàbá Kékeré súnmọ́ tirẹ̀, àwọn méjèèjì jókòó, ọwọ́ nínú ọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí kòkó ṣe ṣe sí lápá Odòde lọ́dún náà. Wọ́n sọ̀rọ̀ kòkó títí ìka Bàbá Kékeré fi ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti ṣí tán, wọn kò sì dákẹ́.

Nígbà tí a ń padà, ẹsẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi àti Ìyá fi rìn. Bàbá Kékeré náà ní òun fẹ́ rìn. Èmi nìkan ni mo wọ mọ́tò tí mo háyà.

Ọ̀rọ̀ ti dé ṣọ́ọ̀ṣì kí ọjọ́ Àìkú tó pé. Nígbà tí wọ́n dá orin àkọ́kọ́, gbogbo bàbá ìjọ ta gìrì bí ẹni tí tanpẹ́pẹ́ ta, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé nǹkan kan ń ṣe ẹran ara àwọn. Bàbá Kékeré nìkan ló rọra ń dìde bọ̀, ara rẹ̀ sì balẹ̀ ju ti ìgbàkígbà rí lọ.

Nígbà tí mo padà sí Ìbàdàn, mo ṣí ojú ìwé kejì yẹn. Ìlà mẹ́ta péré ni. Ó ní bí ẹni tó ní àìsàn náà bá sinmi pẹ́, ara rẹ̀ á le jù. Bó bá sì ń ṣe ohun kan náà léraléra, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ní ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo gbé ìwé náà wálé, mo túmọ̀ ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún Ìyá. Ó ń ṣa ewébẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà.

"Ẹni tó kọ ọ́ yẹn," ló wí, "ìyá rẹ̀ á ti máa wò ó dáadáa."